Igba Ọdún Aláàánú Ẹranko: Ẹ Kú Oríire o!

Igba ọdún kì í ṣe igba ọjọ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 1824, èèyàn 22 péjọ sí ilé kọfí kan tí wọ́n ń pè ní Old Slaughter's ní St Martin's Lane, láàárín ìlú Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fẹnu kò pé àwọn yóò dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa gba ẹranko lọ́wọ́ òṣìkà. Lọ́dún 2024, ẹgbẹ́ náà pé igba ọdún gééré. RSPCA ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Kò sí ẹgbẹ́ aláàánú ẹranko mìíràn tó ṣì wà lónìí tó bá a dọ́gbà lọ́jọ́ orí. Ẹ̀yin ìsìpẹ́kítọ̀ tí wọ́n ń pè lóru tí ẹ ń dìde, ẹ̀yin dókítà ẹranko, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ igbe ajá nínú ilé tí wọ́n tì pa tí ẹ kì í kọjá lọ, mo kí yín kú iṣẹ́, mo kí yín kú àforítì. Yínniyínni, kí ẹni ó lè ṣe òmíràn.

Ayọ̀ tí mò ń yọ̀ yìí nídìí. Inú mi ń dùn pé ẹgbẹ́ yìí pẹ́ láyé. Ó tún ń dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pé àánú tó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn ńlá, tó ń na ìka ìbáwí sí awakẹ̀kẹ́ ẹrù, sí dàràndàràn, sí ẹni tó ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kiri ọjà, kò dúró sórí àwọn yẹn nìkan. Àwọn kan ni kò jẹ́ kó dúró síbẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n kọ̀wé, wọ́n bínú, títí ojú àánú náà fi yíjú sókè sí ilé olówó. Àwọn ni mo fẹ́ kí jù lọ níbi àsè yìí.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí oríire náà ti tó, kó kọ́kọ́ mọ bí Lọ́ńdọ̀nù ayé ọjọ́un ti rí. Ẹṣin ló ń fa ẹrù, ẹṣin ló ń gbé èèyàn. Màlúù àti àgùntàn ń fẹsẹ̀ rìn la àárín ìlú kọjá lọ sí ọjà Smithfield, igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni wọ́n sì fi ń gún wọn nídìí títí wọn yóò fi wọ ọgbà. Ajá ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù. Tó bá di ọjọ́ eré, wọ́n á so akọ màlúù mọ́ òpó, wọ́n á tú ajá sí i, èrò á pé yíká, wọ́n á máa ta tẹ́tẹ́ lórí rẹ̀. Ìjà àkùkọ ní tirẹ̀ kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà: ọlọ́lá ń lọ, alápatà ń lọ. Ẹni tó bá sì na ẹṣin ara rẹ̀ títí tó fi kú, kò sí òfin kan tó sọ pé ó jẹ̀bi. Ohun ìní rẹ̀ ni.

Ní ọdún 1800, Sir William Pulteney gbé àbá òfin wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé kí wọ́n fòpin sí fífi ajá kọlu akọ màlúù. Ìbò méjì péré ni wọ́n fi dá a nù. Ẹni tó ta kò ó jù lọ ni William Windham. Ohun tó sọ ni pé eré tálákà nìyẹn. Ó ní bí ẹ bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn, kí ẹ̀yin tí ẹ ń gẹṣin lé ehoro àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kiri inú oko kọ́kọ́ fi tiyín sílẹ̀. Ìwà ìkà ni Windham ń gbèjà, mi ò sì ní yìn ín fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó bi wọ́n kò rí ẹni dá a lóhùn nínú ilé náà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó síbẹ̀ ló mọ ajá ọdẹ tirẹ̀ lórúkọ. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, Lord Erskine, amòfin àgbà tí gbogbo ìlú mọ̀, mú àbá mìíràn wá láti dáàbò bo ẹranko. Ilé àwọn ọlọ́lá gbà á wọlé. Ilé àwọn aṣojú ará ìlú ni kò gbà á. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó tún kàn án.

Richard Martin, ọmọ Galway ní ilẹ̀ Írẹ́lándì, ni ọwọ́ rẹ̀ wá tẹ òfin. Onílẹ̀ rẹpẹtẹ ni Martin, akíkanjú tó ti bá èèyàn dúró tìbọntìbọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti di ọ̀rọ̀ ẹranko, ọkàn rẹ̀ á yọ́, débi pé Humanity Dick ni wọ́n ń pè é kiri ìlú. Bó bá dìde sọ̀rọ̀ nínú ilé aṣòfin, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín. Kò jókòó. Ní ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 1822, òfin rẹ̀ wọlé: ẹni tó bá na ẹṣin, ìbaaka, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, màlúù tàbí àgùntàn ní ìnà ìkà, yóò san owó ìtanràn láti ṣílè mẹ́wàá títí dé pọ́n-ùn márùn-ún. Bí kò bá rí i san, ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ. Ìtàn tí wọ́n ń sọ títí dòní ni pé nígbà tí Martin pe Bill Burns lẹ́jọ́, ọkùnrin kan tó ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kiri ọjà, ó mú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà wọ kóòtù kí adájọ́ lè fojú ara rẹ̀ rí ọgbẹ́ ara rẹ̀. Wọ́n fi kọrin, wọ́n fi ya àwòrán. Inú mi máa ń dùn sí ìtàn náà gan-an: olùpẹ̀jọ́ tí kò lè sọ̀rọ̀ dúró níwájú adájọ́, wọ́n sì gbọ́ tirẹ̀. Wọ́n tún sọ pé ìgbà mìíràn wà tí Martin fúnra rẹ̀ á kiwọ́ bọ àpò, á bá tálákà tó fà lọ sí kóòtù san nínú owó ìtanràn rẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tó ń na ẹṣin náà ní ẹni tó ń na òun.

Ọdún 1822 yẹn, ọmọ Yorùbá kò gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún náà ni ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn, kúrò nínú ọkọ̀ àwọn Potogí tó ń kó ẹrú lọ. Ní oṣù kẹfà ó gúnlẹ̀ sí Freetown. Ní oṣù keje, òfin Martin wọlé ní Lọ́ńdọ̀nù. Thomas Fowell Buxton ló ṣe alága ìpàdé ilé kọfí ọjọ́ kìíní, William Wilberforce sì wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí kan náà ló léwájú nínú ìjà pé kí òwò ẹrú àti oko ẹrú di ohun ìgbàgbé. Buxton ló tún ta ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jí sí ìrìn-àjò ojú odò Ọya ti ọdún 1841, tí Àjàyí, tó ti di Samuel Crowther, bá wọn lọ. Àwọn tó gbọ́ igbe ọmọ wa nínú ọkọ̀ ẹrú ni wọ́n gbọ́ igbe ẹṣin lójú títì. Nítorí náà, a kì í ṣe àlejò níbi àjọyọ̀ yìí. Ọmọ ilé ni wá.

Ẹ jẹ́ ká wá pe àwọn tó jìyà kí ẹgbẹ́ náà tó dúró. Arthur Broome, àlùfáà ìjọ Ańgílíkà, ló pe ìpàdé náà. Ó fi ìjọ rẹ̀ sílẹ̀ kó lè ráyè ṣe iṣẹ́ náà, ó sì ń fi owó ara rẹ̀ sanwó fún àwọn tó ń ṣọ́ ọjà Smithfield. Gbèsè ẹgbẹ́ gun orí rẹ̀, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n ní 1826. Ẹni tó gba ipò akọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀ ni Lewis Gompertz, Júù ọmọ Lọ́ńdọ̀nù, onímọ̀ ẹ̀rọ. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹranko wọ̀ lára tó o nínú gbogbo wọn. Kì í jẹ ẹran, kì í mu wàrà, kì í jẹ ẹyin, kì í sì í wọ kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà: ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń rìn. Owó tirẹ̀ wà nínú ohun tó gbé ẹgbẹ́ náà ró nígbà tó fẹ́ wó. Ìgbà tó di 1832, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ sọ pé orí ẹ̀kọ́ Kristi nìkan ni ẹgbẹ́ àwọn gbọ́dọ̀ dúró lé. Gompertz tó ru ẹrù náà dé ibẹ̀ kò tún ní àyè mọ́. Ó jáde, ó dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ohun tó ń dunni nínú ìtàn igba ọdún yìí nìyẹn, inú ayọ̀ náà ni mo sì ti sọ ọ́, kí a má baà fi ìlù bo orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lewis Gompertz, ìwọ náà kú oríire!

Ní 1835, Joseph Pease, ọmọ ìjọ Quaker, mú òfin wá tó kó ajá mọ́ àwọn ẹran tí òfin ń dáàbò bò, tó sì fòpin sí fífi ajá kọlu akọ màlúù àti béárì, àti sí ilé ìjà àkùkọ. Ọdún yẹn náà ni Victoria, tó ṣì jẹ́ ọmọ ọba, gbà láti ṣe alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́. Ní 1840, tó ti di ọbabìnrin, ó fún wọn láṣẹ láti máa jẹ́ ẹgbẹ́ ọba. Ẹ má rò pé ibi tí òfin wọlé sí ni iṣẹ́ parí sí. Ní 1838, àwọn ìsìpẹ́kítọ̀ ẹgbẹ́ lọ dá ìjà àkùkọ dúró ní Hanworth, èrò sì ṣù bò wọ́n. James Piper kú nínú ọgbẹ́ tó gbà níbẹ̀. Ọkùnrin kan fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí àkùkọ! Ní Stamford, ìlú tó ti ń lé akọ màlúù ní ìgboro ní oṣù kọkànlá ọdọọdún láti ọ̀rúndún mélòó kan, ẹgbẹ́ náà fẹ́jọ́ sun, ó gba ìdájọ́, síbẹ̀ àwọn ará ìlú kò gbà. Ọlọ́pàá àti sójà ni ìjọba ní láti kó lọ. Owó tí ìlú ń ná lórí àwọn sójà yìí ló wá mú kí àwọn ará Stamford fúnra wọn sọ pé ó tó, ọdún 1839 ni wọ́n sì lé màlúù kẹ́yìn.

Àmọ́ ta ni òfin yìí ń mú? Ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí nìyẹn. Ẹran ọ̀sìn ni òfin dáàbò bò. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ehoro àti àgbọ̀nrín tí àwọn ọlọ́lá ń fi ajá lé kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó ń na ẹṣin lójú títì ni ìsìpẹ́kítọ̀ ń rí. Ẹni tó ni ẹṣin náà, tó ní dandan ni kí ẹrù dé kí aago kan tó lù, ó wà nínú ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀ kí ẹgbẹ́ náà tó dáyé. Ní 1802, àwọn kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ láwùjọ. Ní 1809, Sydney Smith, tí òun náà jẹ́ àlùfáà, kọ̀wé pé ìwà ìbàjẹ́ ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju 500 pọ́n-ùn lọ́dún nìkan ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbógun tì. Ní 1868, ẹgbẹ́ aláàánú ẹranko fẹ́ fi oyè igbákejì ààrẹ dá John Stuart Mill lọ́lá. Mill fẹ́ràn iṣẹ́ wọn, òun fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ó tọ́ kí òfin gba ẹranko sílẹ̀. Síbẹ̀ ó kọ oyè náà. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ẹgbẹ́ bá ṣì ń mọ sórí ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tí kò lẹ́nu láwùjọ, òun kò ní lè gbà á. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀rẹ́ gidi ló sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, bí mo sì ti ń kí ẹgbẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni mo ń kí Mill tó kọ oyè wọn.

Obìnrin kan ló wá gbọ́ tẹnu awakẹ̀kẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1877 ni ìwé Black Beauty jáde, Anna Sewell ló kọ ọ́, ẹṣin ló sì fi ṣe ẹni tó ń sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tó kà á rí ìjánu tí àwọn ìyàwó ọlọ́lá ní kí wọ́n fi fa orí ẹṣin sókè gangan nítorí ẹwà, tó ń ba ọrùn àti èémí ẹranko náà jẹ́. Ibi tó wọ̀ mí lára jù ni ti ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Seedy Sam. Ó háyà kẹ̀kẹ́ àti ẹṣin lójúmọ́, owó háyà náà sì wúwo débi pé kó tó rí tirẹ̀ jẹ, ẹṣin ti rẹ̀ títí. Wọ́n bá a wí pé ó ń pa ẹṣin lára. Ó ní òun mọ̀. Kí ni kí òun ṣe, ìyàwó ń bẹ nílé, ọmọ ń bẹ nílé. Kò pẹ́ tí Sam fi kú. Ẹṣin àti awakẹ̀kẹ́, ọ̀dọ̀ olówó kan náà ni ìyà àwọn méjèèjì ti ń wá. Sewell rí i, ó kọ ọ́ sílẹ̀ lórí ibùsùn àìsàn, òun náà sì kú ní 1878, kó tó mọ bí ìwé rẹ̀ yóò ti rìn jìnnà tó.

Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ohun ayọ̀ kan ń ṣẹlẹ̀ tí àwọn òpìtàn kì í pariwo tó. Wọ́n ti ń kọ́ ibi ìmumi sí ẹ̀bá títì fún èèyàn àti ẹran pọ̀, kí awakẹ̀kẹ́ má baà máa ná owó nílé ọtí kó tó rí omi fún ẹṣin rẹ̀. Àwọn tó ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kiri, tí wọ́n ti ń fà lọ sí kóòtù láti ọjọ́ Bill Burns, bẹ̀rẹ̀ sí í kó kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọn jáde fún ìfihàn, èyí tó bá sanra tó ń dán ni yóò gba ẹ̀bùn. Àwọn ará Golden Lane tí wọ́n wà lára àwọn oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yìí fi odidi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan ta ọlọ́lá kan, Lord Shaftesbury, lọ́rẹ, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni pé ọba ló fún un lóyè. Ní 1885, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún ìwọ́de àwọn ẹṣin tó ń fa ẹrù ní Lọ́ńdọ̀nù: wọ́n á dì wọ́n ní gèlè, wọ́n á so agogo mọ́ wọn lọ́rùn, awakẹ̀kẹ́ á wọ aṣọ ìmúròde, á gbé àyà síwájú. Ẹ̀yin awakẹ̀kẹ́ tí ìwé kò kọ orúkọ yín, ẹ̀yin tí ẹ ti mọ orúkọ ẹṣin yín kí ẹnikẹ́ni tó wá fi òfin kọ́ yín láàánú, ẹ kú oríire, ẹ kú ìnáwó!

Àánú kì í dá dúró sójú kan. Ní Liverpool, ní 1883, ìpàdé tí wọ́n ń ṣe lórí ilé ìtọ́jú ajá ni ẹnìkan ti dìde pé, àwọn ọmọ ńkọ́? Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ tó ń gba ọmọdé lọ́wọ́ ìyà ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Amẹ́ríkà, Henry Bergh gba ìwé àṣẹ ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní New York ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 1866, kò sì fi awakẹ̀kẹ́ nìkan ṣe: ó ń dá ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin àwọn ilé iṣẹ́ ńlá dúró láàárín títì bí èrò bá ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì ń bá àwọn olówó tó ń fi ẹyẹlé ṣeré ìbọn jà. Ní Manchester, ní 1889, Emily Williamson kó àwọn obìnrin jọ pé kí ẹ̀yin ìyáàfin jáwọ́ nínú fífi ìyẹ́ ẹyẹ ṣe fìlà. Ta ni ń dé fìlà oníìyẹ́? Kì í ṣe aya awakẹ̀kẹ́.

Ó pẹ́ gan-an kó tó kan ọdẹ orí ẹṣin. Di àwọn ọdún 1970, ẹgbẹ́ náà kò tíì fi gbogbo ẹnu sọ pé òun kò fẹ́ ẹ, nítorí àwọn ọdẹ náà wà láàárín àwọn tó ń dáwó fún un. Ìgbà tó wá sọ ọ́, kò kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ mọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2004, ilé àwọn aṣojú ará ìlú ṣe òfin tó ka fífi ajá lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ehoro àti àgbọ̀nrín léèwọ̀ ní England àti Wales. Ilé àwọn ọlọ́lá kọ̀. Àwọn aṣojú lo agbára tí òfin fún wọn, wọ́n gbé e kọjá lórí wọn. Ní 1809, ọlọ́lá gbà, aṣojú kọ̀. Ní 2004, aṣojú gbà, ọlọ́lá kọ̀. Ìbéèrè tí Windham bi ilé náà ní 1800 rí ìdáhùn lẹ́yìn 204 ọdún. Láti ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 2005 tí òfin náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹni tó wọ ẹ̀wù pupa gẹṣin jáde lè bá ara rẹ̀ níwájú adájọ́, níbi tí wọ́n ti ń fa ọmọ tálákà lọ láti 1822.

Nítorí náà, ẹ lù ú kó dún! Bí ẹ bá jókòó sídìí àsè igba ọdún yìí, tí ẹ bá ń pe orúkọ, ẹ pe Broome tó ṣẹ̀wọ̀n, ẹ pe Gompertz tí wọ́n lé, ẹ pe Piper tí wọ́n pa, ẹ pe Anna Sewell, kí ẹ tó kan àwọn ọba tó fún yín lóyè. Ẹ kú oríire!